Isu Kìlò Mẹ́sàn-án Ààbọ̀

Bí ẹ bá bi Olúṣẹ̀yẹ léèrè pé ta ló gọ̀ jù nínú gbogbo olùkọ́ ìṣirò tó wà ní Ọ̀fà lọ́dún 1999, kò ní jẹ́ kí ẹ parí ìbéèrè náà kó tó na ọwọ́ sókè. Á ní ti èyí, òun kò nílò kọ̀ǹpútà láti wá ẹni náà rí.

Ẹni ogójì ọdún ni nígbà náà, ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ló kó ara wọn jọ, wọ́n ra kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wo ojú gbogbo olùkọ́, ó ní ta ló mọ̀ ọ́n lò. Olúṣẹ̀yẹ dìde. Lóòótọ́ ló ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Ìlọrin níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kò sí iná.

Láti ọjọ́ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà ti wà lápò rẹ̀. Ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà bí ọmọ tuntun tí òtútù ń mú, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà wọlé. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé bàtà kò ṣe kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan. Ó kàn ń dùn mọ́ ọn láti rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń tú okùn bàtà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ìlú òyìnbó dé ló fún un ní síídì kan. Inú síídì náà ni èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní Python. Bí ènìyàn bá kọ́ èdè náà, ó lè fi kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì ṣe é. Nígbà tí Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbọ́ pé erè ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ tó ń rò sílẹ̀.

"Bàbá Bọ́láńlé, nínú gbogbo ẹranko inú igbó, ṣé wọn ò rí òmíràn tí wọ́n á fi sọ ọ́?"

"Kò lè bu ènìyàn jẹ," ni Olúṣẹ̀yẹ dá a lóhùn. "Ohun tí mo bá ní kó ṣe náà ló ń ṣe."

Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ìmọ̀ yìí kò wọ̀ lójú, bàbá Fọlákẹ́ sì ni. Bàbá Adétóyè, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Ilemona, kò fi ìgbà kan ka Olúṣẹ̀yẹ sí ọkùnrin gidi. Lọ́jọ́ tó wá tọrọ ìyàwó, bàbá náà gba ọwọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo àtẹ́lẹwọ́ tó funfun fún ṣọ́ọ̀kì, ó dá a padà fún un. Ọdún mọ́kànlá gbáko lẹ́yìn ìgbéyàwó, kò tíì pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ọkọ Fọlákẹ́" ló ń pè é. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á ní "ọkọ Fọlákẹ́ yìí."

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Alhaji Abdulganiyu wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan tó ń ṣe ìdíje isu lọ́dọọdún. Ẹni tí isu rẹ̀ bá wúwo jù ló ń gba ẹ̀bùn, ẹ̀bùn ọdún náà sì ni pọ́ǹpù tuntun tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fín oògùn sóko. Lọ́dún tó ṣáájú, ìdíje náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Wọ́n ní adájọ́ gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ya agbádá mọ́ ọn lọ́rùn.

"Tíṣà," ni Alhaji wí, lẹ́yìn tó bọ́ bàtà tán, "ẹ̀rọ ò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. A fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wa dá a lọ́dún yìí. Ohun tó bá sọ labẹ gé."

Ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé á ti sọ fún Alhaji pé pẹ́ńsùlù àti bébà tó fún iṣẹ́ yẹn. Olúṣẹ̀yẹ fa ojú ro, ó ní iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ ni, kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ kan péré ló fi ṣe é. Ó ní kí ẹ̀rọ mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú àtòkọ, kó fi jẹ ọ̀gá. Kó wo èyí tó tẹ̀lé e. Bó bá ju ọ̀gá lọ, kó yọ ọ̀gá nípò, kó fi tuntun jẹ. Kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí àtòkọ á fi tán. Èyí tó bá kù lórí oyè lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òun ló tóbi jù. Ìlà mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Python ní ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀, max, tó lè ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olúṣẹ̀yẹ mọ̀ ọ́n. Kò lò ó. Ó ní bí ènìyàn bá rí ìlà kan péré, wọ́n á rò pé iṣẹ́ náà rọrùn.

Ó dán an wò dáadáa. Ó kó máàkì ìdánwò kíláàsì rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan: márùnlélógójì, méjìlélọ́gọ́rin, mọ́kàndínlógún, títí dé ìparí. Ẹ̀rọ mú méjìlélọ́gọ́rin. Ó tún fi ti kíláàsì kejì dán an wò, ẹ̀rọ tún mú èyí tó tóbi jù. Ó fi aṣọ bò ó padà, ó sì ń súfèé lọ sílé.

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà jáde sí fàráńdà, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Isu méjìdínlógójì ló wà lórí ẹní nínú pápá. Wọ́n wọn gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n kọ orúkọ àti kìlò sínú ìwé. Kò sí ẹni tí kò rí ti Jímọ̀, àgbẹ̀ kan láti Ijagbo. Ọkùnrin méjì ló gbé isu náà lé òṣùwọ̀n, ó sì fi kìlò mẹ́rìnlélógún jókòó síbẹ̀ bí ọlọ́jà. Isu tó súnmọ́ ọn jù kò ju kìlò mẹ́tàdínlógún lọ. Bàbá Adétóyè náà mú tirẹ̀ wá: kìlò mẹ́sàn-án ààbọ̀, isu tó dán, tó mọ́, tí kò ní àléébù kankan ju pé kò tóbi.

Alhaji ń ka orúkọ àti kìlò jáde, Olúṣẹ̀yẹ ń tẹ̀ wọ́n. Ó ń gbé ìka sókè ju bó ṣe yẹ lọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkejìdínlógójì, ó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì tẹ bọ́tìnì tó gbẹ̀yìn.

Orúkọ jáde lójú ẹ̀rọ: Adétóyè. 9.5.

Alhaji tẹ̀ síwájú, ó ka á. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún ka á. Ó wo inú pápá níbi tí isu Jímọ̀ dùbúlẹ̀ sí.

"Tíṣà, ṣé ó dá ẹ lójú?"

Olúṣẹ̀yẹ tún tẹ̀ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Adétóyè ló tún jáde.

Jímọ̀ kì í ṣe aláriwo. Ó rọra gòkè wá sí fàráńdà, ó dúró ti ẹ̀rọ náà, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í bóyá ó rí tèmi."

Ibí yìí ni Olúṣẹ̀yẹ máa ń dúró sí bó bá ń sọ ìtàn náà, tí á fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní bí òun bá ti dákẹ́ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ó dìde dúró, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó sì ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àgbẹ̀ méjìdínlógójì. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe àṣìṣe, ènìyàn ló ń ṣe é. Ó ní ojú lásán máa ń tan ènìyàn jẹ. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òṣùwọ̀n wọn má péye. Nígbà tí ẹnì kan ní òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọn gbogbo isu, ó ní ó lè jẹ́ omi ló pọ̀ nínú ti Jímọ̀.

 Jímọ̀ yí padà, ó sì sọ̀kalẹ̀. Alhaji ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun tí ẹ̀rọ bá sọ labẹ gé, kò sì lè pọ̀ ọ́ jẹ. Ó gbé pọ́ǹpù fún Bàbá Adétóyè. Bàbá gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó jó díẹ̀. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ kò pé mẹ́wàá. Olúṣẹ̀yẹ gbọ́ obìnrin kan tó ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Àna rẹ̀ mà ni." Jímọ̀ àti àbúrò rẹ̀ gun ọ̀kadà, wọ́n gbé isu wọn sáàrin bí èrò kẹta, wọ́n sì gba ọ̀nà Ijagbo lọ.

Lẹ́nu géètì, Bàbá Adétóyè gbé ọwọ́ lé èjìká ọkọ ọmọ rẹ̀. "Olúṣẹ̀yẹ," ló wí, "ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ méjì yìí ló gbé e délé. Ó jẹun yó, ó sì sùn fọnfọn. Ó ní nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ náà, oorun yẹn ló ń ti òun lójú jù.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Fọlákẹ́ sọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti àná.

"Bàbá mi ni Bàbá mi, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n mo lójú. Isu Jímọ̀ ju tiwọn lọ ní ìlọ́po méjì, ó tún lé."

"Fọlákẹ́, ẹ̀rọ ló—"

"Ẹ mú mi lọ síwájú ẹ̀rọ náà."

Ó mú un lọ tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, kó lè fi hàn án pé obìnrin kò mọ kọ̀ǹpútà. Iná wà. Ó tan án, ó ní kó dárúkọ nọ́ńbà mẹ́ta tó bá wù ú. Fọlákẹ́ ní mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, àti ọgọ́rùn-ún. Olúṣẹ̀yẹ tẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀rọ ní mẹ́sàn-án ló tóbi jù.

 Fọlákẹ́ ní kó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sí i. Mẹ́sàn-án ló tún jáde. Olúṣẹ̀yẹ mú aṣọ ìbora ẹ̀rọ náà tó wà lórí itan rẹ̀, ó fi nu iwájú orí. Ó ṣí ìwé tó bá síídì náà wá, ó kà á láti ojú ìwé kìíní, èyí tí kò ṣe rí, torí pé ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ló ti bá a. Ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ tẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ ni Python ń gbà á sí. Kò mọ̀ pé nọ́ńbà ni, àfi tí wọ́n bá sọ fún un. Bó bá sì ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ ló máa kọ́kọ́ ń wò.

"Bíi rẹ́jísítà kíláàsì ni," ló ṣàlàyé fún Fọlákẹ́, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Orúkọ Abdulganiyu gùn ju Safiyat lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni Safiyat ń wà, torí S wà lẹ́yìn A. Ẹ̀rọ wo méjì tó ṣáájú nínú mẹ́rìnlélógún, ó wo mẹ́sàn-án tó ṣáájú nínú ti Bàbá. Ó ní mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn méjì. Kò wo ìyókù mọ́."

"Máàkì tí ẹ fi dán an wò ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà méjì méjì. Kò sí ẹni tó gba ọgọ́rùn-ún rí ní kíláàsì mi. Àwọn tí kò tó mẹ́wàá, mo máa ń ta wọ́n lọ́rẹ kó lè pé mẹ́wàá."

Ọ̀rọ̀ kan péré ló fi tún un ṣe, float, ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún Python pé nọ́ńbà ni ohun tó gbà yìí. Ó kó àtòkọ ìdíje jáde, ó tún tẹ gbogbo rẹ̀. Jímọ̀. 24. Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí. Olúṣẹ̀yẹ jókòó tì í. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rántí ẹni tí yóò lọ bá.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ parí, ó lọ sílé àna rẹ̀. Bàbá Adétóyè jókòó síta. Pọ́ǹpù jókòó sórí àga kejì.

"Olúṣẹ̀yẹ, wá jókòó. Rárá, má gbé e kúrò, jókòó sórí àpótí yẹn."

Olúṣẹ̀yẹ dọ̀bálẹ̀, ó sì wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ṣe àṣìṣe. Isu yín kọ́ ló tóbi jù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo gọ̀ ni."

Ojú bàbá náà le. "Ọkọ ọmọ mi ò gọ̀. Ẹni tó bá ní o gọ̀, kó wá sọ ọ́ níwájú mi."

"Bàbá, èmi ni mò ń sọ ọ́."

"Wọ́n ti lọ halẹ̀ mọ́ ọ. Àwọn ará Ijagbo ni."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di àríyànjiyàn nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ni Olúṣẹ̀yẹ fi ń wá ọ̀nà tí bàbá yìí á fi gbà pé òun gbọ́n. Ọjọ́ kẹta tí bàbá gbà, òun ló tún ń làágùn láti fi hàn pé òun kò gbọ́n. Ó sọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò sí iná. Ó sọ ti ìwé tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó sọ ti bàtà. Gbogbo rẹ̀ ni bàbá ń wá àwíjàre fún. Níkẹyìn, ó mú igi kékeré kan, ó fi kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ níwájú bàbá: mẹ́sàn-án ààbọ̀, mẹ́rìnlélógún.

"Èwo ló pọ̀ jù, Bàbá?"

"Ìbéèrè ọmọdé nìyẹn. Mẹ́rìnlélógún."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mi ò sọ fún un."

Bàbá Adétóyè fi ẹsẹ̀ pa nọ́ńbà méjèèjì rẹ́. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Mo rí isu Jímọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún ara mi pé bóyá adùn ni ẹ̀rọ ń wò." Ó bojú wo pọ́ǹpù. "Ṣé gbogbo wọn ló rí mi nígbà tí mo ń jó?"

"Gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀, Bàbá. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tèmi gùn ju ijó yín lọ."

Bàbá dìde, ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Ó ní òun ni òun gbà á, òun ni òun máa dá a padà. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Olúṣẹ̀yẹ jókòó sáàrin, ọlọ́kadà níwájú, bàbá lẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń já sí kòtò, bẹ́ẹ̀ ni irin pọ́ǹpù tó yọ lórí èjìká bàbá ń gún un létí, títí wọ́n fi dé Ijagbo. Kò ráhùn. Ó gbà pé ẹ̀tọ́ òun ni.

Jímọ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé náà tán láìdá sí i. Bàbá Adétóyè sọ pọ́ǹpù kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó má bínú. Jímọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó sì yíjú sí Olúṣẹ̀yẹ.

"Ti pọ́ǹpù ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Èyí tí ẹ ní omi pọ̀ nínú isu mi lójú gbogbo ayé ló ká mi lára."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ nǹkan kan nípa isu. Ẹnu mi ò kàn fẹ́ dákẹ́ ni."

Jímọ̀ pe Sherifat ìyàwó rẹ̀. Isu náà ti ń di jíjẹ láti ọjọ́ Àìkú, gbogbo agboolé ló ti bù níbẹ̀, ìdajì ṣì kù. Sherifat gún iyán, ó gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Jímọ̀ ní, "Ẹ wá bá mi wá omi náà." Iyán ọ̀hún le dáadáa, ó sì fà. Olúṣẹ̀yẹ wá omi nínú rẹ̀ títí abọ́ fi dán. Ó ní òun kò rí ìkán omi kan. Jímọ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì bu kún un.

Ó ku bí wọn yóò ṣe sọ òtítọ́ náà fún gbogbo ènìyàn. Alhaji pe ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e. Ó fẹ́ kàn sọ pé ẹ̀rọ ló ní àìsàn díẹ̀, kó má baà tàbùkù olùkọ́. Olúṣẹ̀yẹ kọ̀. Ó dúró níwájú wọn, kò ki ọwọ́ bọ àpò lọ́tẹ̀ yìí, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí: pé ẹ̀rọ kò ṣàìsàn, pé àìsàn náà wà lára ẹni tó kọ àṣẹ fún un. Nígbà tó dé ibi tó ti sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n àti omi inú isu, àwọn kan ti ń di ikùn mú. Bàbá Adétóyè ló ń rẹ́rìn-ín jù láàrin wọn, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í, ó ń ní, "Àna mi nìyẹn."

Ẹ̀rín ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Gbádé dìde lẹ́yìn. Àgbẹ̀ tín-ínrín kan ni, isu tirẹ̀ kò ju kìlò mẹ́jọ ààbọ̀ lọ, ìkẹta láti ìsàlẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kó yé mi dáadáa. Ẹ ní mẹ́sàn-án ló ṣáájú lójú ẹ̀rọ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lẹ́yìn mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ló kàn?"

Olúṣẹ̀yẹ rò ó wò. "Mẹ́jọ ló kàn."

"Bàbá Adétóyè nìkan ló ní mẹ́sàn-án, èmi nìkan ni mo sì ní mẹ́jọ." Gbádé yíjú sí Alhaji. "Ó jẹ́ pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti wà nípò kejì, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

Alhaji ní òtítọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀, àṣìṣe ńlá ni ẹgbẹ́ ṣe. Ó bi í pé kí ló fẹ́ kí wọ́n fi tù ú nínú. Gbádé ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀.